Ẹnu Ọ̀nà Hòtẹ́ẹ̀lì Ńlá

Ní ọjọ́ kan, mo fún àwọn ọmọ ọdún kẹrin ní ilé-ìwé girama wa ní àròkọ kan ṣe. Àkọlé rẹ̀ ni ‘Ibi tí ó wù mí láti sùn ní òru ọjọ́ kan’. Mo rò pé àwọn kan yóò sọ nípa ilé ìyá ìyá wọn, àti pé àwọn mìíràn yóò sọ nípa òkè òkun. Nígbà tí mo kó ìwé wọn délé tí mo sì jókòó tì í ní alẹ́, mo rí i pé púpọ̀ nínú wọn ni ó yan hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní àárín gbùngbùn ìlú, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó. Wọ́n sọ nípa ibùsùn tí ó rọ̀ bí òwú, nípa ẹ̀rọ amúlétutù, nípa omi gbígbóná tí ń ti ara ògiri tú jáde, àti nípa oúnjẹ tí a gbé wá sí iyàrá nínú àwo tí ń dán. Èyí kò bí mi nínú rárá, nítorí pé ohun tí ó dára ni ọkàn ọmọ ènìyàn máa ń fà sí. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan, ọmọ àgbẹ̀ láti Ajíbọ́dé, fi gbólóhùn kan parí tirẹ̀ tí kò jẹ́ kí n tètè sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, ‘Ní ọjọ́ tí mo bá sùn níbẹ̀ ni n ó tó di ènìyàn.’

Mo fún un ní máàkì tí ó tọ́ sí i, nítorí pé èdè rẹ̀ gún régé. Mo fi tàdáwà pupa fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn náà, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí n ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń kọ yìí ni ìdáhùn tí n kò rí kọ ní ọjọ́ náà.

Èrò tèmi ni pé hòtẹ́ẹ̀lì ńlá dára, ó sì yẹ kí ó wà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ẹni tí ó ní owó, tí ó sì ní ìdí, sùn sí i. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, ènìyàn ni ó sì ń sọ ọ́ di ńlá. Hòtẹ́ẹ̀lì kan kò sọ ẹnikẹ́ni di ènìyàn rí láti ìgbà tí a ti dá ayé. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ wá.

Kí òyìnbó tó mú orúkọ náà, hòtẹ́ẹ̀lì, dé ilẹ̀ wa ni Yorùbá ti mọ bí a ti ń gba àlejò. Arìnrìn-àjò tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ ní ojú ọ̀nà yóò yà sí ìlú tí ó bá kọ́kọ́ kàn. Yóò béèrè ilé baálẹ̀, tàbí ilé ẹni tí ó bá mọ̀ ní orúkọ. A ó fún un ní omi mu kí a tó bi í léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ibi tí ó ń lọ. A ó wá oúnjẹ fún un, a ó tẹ́ ẹní fún un, ilẹ̀ yóò sì mọ́ bá a ní àlàáfíà. Bí ó bá jẹ́ oníṣòwò, ó lè fi ẹ̀bùn díẹ̀ sílẹ̀ fún ìyálé ilé kí ó tó dìde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bùn yẹn ni owó ibùsùn rẹ̀. Gbèsè tí ó jẹ gan-an ni pé, ní ọjọ́ tí ọmọ onílé náà bá dé ìlú tirẹ̀, òun náà yóò ṣí ilẹ̀kùn fún un. Gbèsè yìí ni ó so ìlú pọ̀ mọ́ ìlú ní ìgbà tí kò sí ọ̀dà lójú ọ̀nà, tí kò sì sí ọkọ̀.

Ìbàdàn tí ó wà nítòsí wa yìí, ìlú àlejò ni. Ibùdó ogun ni ó jẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1829, nígbà tí àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, láti Ìjẹ̀bú, láti Ọ̀yọ́ àti láti Ẹ̀gbá pàdé síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ nínú wọn pé òun kò wá láti ibì kan. Nígbà tí ojú irin dé ìlú náà ní ọdún 1901, àlejò túbọ̀ ń wọ́ wá. Ní ọdún 1916 ni a dá àdúgbò Ṣábó sílẹ̀ fún àwọn Haúsá tí ń da màlúù wá láti òkè ọya, tí wọ́n sì ń ra obì lọ. Ní Ṣábó, onílé yóò gba oníṣòwò tí ó dé sílé, yóò fún un ní ibi tí yóò sùn, yóò bọ́ ọ, yóò sì bá a wá ẹni tí yóò ra ẹrù rẹ̀. Nígbà tí alápatà bá ra màlúù ní àwìn, onílé ni yóò dúró gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́. Èrè tirẹ̀ ń bẹ nínú ohun tí wọ́n bá tà, kò sí nínú ẹní tí àlejò sùn lé.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí. Òkè Mọ́kọ́lá kò jìnnà sí Ṣábó. Orí òkè yìí gan-an ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ilẹ̀ Nàìjíríà yàn, nínú ọdún mẹ́wàá tí ó tẹ̀lé òmìnira, láti kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tí a ń pè ní Premier Hotel. Ìyẹn ni pé ní ẹ̀gbẹ́ kan náà nínú ìlú kan náà, onílé Ṣábó ń gba àlejò ní ìsàlẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì sì ń gba àlejò ní òkè. Iṣẹ́ kan náà ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ní ìsàlẹ̀, a ń béèrè pé, ‘Ta ni ọ́, ọmọ ta sì ni ọ́?’ Ní òkè, a ń béèrè pé, ‘Òru mélòó ni ẹ ó sùn, báwo ni ẹ ó sì ṣe san owó rẹ̀?’ N kò sọ pé ìbéèrè kejì burú. Ó ní àǹfààní tirẹ̀: àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú, tí ó sì ní owó lọ́wọ́, kò níláti wá ẹni tí yóò ṣe ojú rere sí i. Yóò san owó rẹ̀, yóò sì gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó kéré tán, bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí nígbà gbogbo. Ìtàn sọ fún wa pé ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ ti dé ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì rí, tí a sì dá a padà nítorí àwọ̀ ara rẹ̀.

Ní ọdún 1943, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Learie Constantine, ọmọ Trinidad, tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé ó mọ eré kíríkẹ́ẹ̀tì gbá, gba àyè sí hòtẹ́ẹ̀lì Imperial ní London fún òru mẹ́rin, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, a sọ fún wọn pé òru kan ṣoṣo ni wọ́n lè sùn, nítorí pé àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tí ó wọ̀ síbẹ̀ kò ní í fẹ́ bá ènìyàn dúdú gbé. Constantine kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì ju òkúta. Ó gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ní ọdún 1944, adájọ́ dá a láre, ó sì ní kí wọ́n san pọ́n-ùn márùn-ún àti ṣílè márùn-ún fún un. Owó náà kéré, ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà tóbi. Ọkùnrin tí a kò fẹ́ kí ó sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì yìí ni ó wá di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí a fi jẹ oyè olóyè láti jókòó nínú ilé ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1969.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé London nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1947, ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó tiwa níhìn-ín. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, Ivor Cummings, ni a rán wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí i; oníṣègùn ọmọ Sàró ni bàbá rẹ̀, òyìnbó sì ni ìyá rẹ̀. A ti gba iyàrá sílẹ̀ fún un ní hòtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó. Nígbà tí àwọn tí ó ni hòtẹ́ẹ̀lì náà mọ̀ pé kì í ṣe òyìnbó, wọ́n ní àwọn kò gbà á mọ́. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó fi ariwo ta, àwọn ènìyàn kóra jọ, wọ́n sì fi ẹ̀hónú hàn. Wọ́n béèrè pé, bí a bá lè ṣe èyí sí òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, kí ni a ó ṣe sí ọmọ onílẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Gómìnà Arthur Richards fi pàṣẹ nínú ọdún náà pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin ní irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 1936 ni ènìyàn dúdú kan tí ń jẹ́ Victor Green ti ń tẹ ìwé kan jáde, tí ó ń sọ fún àwọn ènìyàn dúdú tí ń rin ìrìn-àjò nípa hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lè dé sí láìsí pé a ó lé wọn. Ẹ rò ó wò: bàbá tí ó ní ọkọ̀ tirẹ̀, tí ó ní owó nínú àpò, tí ó sì gbé ìyàwó àti ọmọ dání, níláti ka ìwé kí ó tó mọ ibi tí yóò sùn. Ọdún 1964 ni òfin ilẹ̀ náà tó sọ pé hòtẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ ti ènìyàn jáde nítorí àwọ̀ rẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Atlanta pe ìjọba lẹ́jọ́ pé òfin náà kò tọ́. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sì dá hòtẹ́ẹ̀lì náà lẹ́bi ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà.

Ìdí tí mo fi sọ gbogbo ìtàn yìí ni láti bi ọmọkùnrin tí ó kọ àròkọ náà ní ìbéèrè kan. Ní òru tí wọ́n lé Constantine jáde, ṣé kì í ṣe ènìyàn ni? Nígbà tí wọ́n kọ Ivor Cummings ní Èkó, ṣé ó dẹ́kun láti jẹ́ ènìyàn ni? Ta ni a tilẹ̀ rí nínú ìtàn náà tí ìwà ọmọ ènìyàn kù fún: ẹni tí ó dúró ní ìta ni, tàbí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn láti inú?

Ẹ jẹ́ kí a tún wo owó tí a fi kọ́ irú hòtẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní orí òkè Mọ́kọ́lá. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó kọ́ ọ. Kí ni ó ń mú owó wọ àpò ìjọba náà? Kò sí ohun ọ̀gbìn tí ó ṣe é bí kòkó. Láti ọdún 1954, ìgbìmọ̀ tí ìjọba náà yàn ni ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Púpọ̀ nínú ọdún wọ̀nyí, iye tí a fún àgbẹ̀ kò tó iye tí a tà á ní òkè òkun, ìyókù a sì wọ inú àpò ìjọba. Inú owó irè oko bẹ́ẹ̀ ni a ti rí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, tí a parí ní ọdún 1965, tí ó sì ga ju ilé yòówù tí ó wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà nígbà náà lọ. Nígbà tí a pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta ní ọdún 1976, tí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó jáde nínú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Odù’a ni a dá sílẹ̀ láti máa bójú tó àwọn ogún tí kò ṣe é fi ọ̀bẹ pín, hòtẹ́ẹ̀lì Mọ́kọ́lá sì wà lára wọn.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ àgbẹ̀ bá ń wo irú ilé bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé láti ọ̀run ni ó ti bọ́, mo máa ń fẹ́ sọ fún un pé, ‘Bàbá bàbá rẹ wà lára àwọn tí ó gbé òkúta rẹ̀.’ Àdá tí ó bọ́ kòkó ní Akínyẹlé, ní Lágelú, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ọ̀nà-Àrà ni ó kọ́ ọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ kọ́ńtírákítọ̀ ni a rí.

Nísinsìnyí, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi àwọ̀ lé ènìyàn ní ilẹ̀ wa. Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé ẹnu ọ̀nà ti ṣí gbayawu? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí.

Bàbá àgbà kan wà ní ẹ̀gbẹ́ wa ní Ajíbọ́dé, tí ó ti ń gbin kòkó kí a tó bí mi. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní í dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ń ṣe nọ́ọ̀sì ní òkè òkun wá sílé ní oṣù Kejìlá ọdún kan. Ó wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan nínú ìlú, nítorí pé iná mànàmáná kò dúró ní abúlé, ọmọ kékeré tí ó gbé dání kò sì lè sùn nínú ooru. Ó ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ pé kí ó wá bá òun jẹun ní alẹ́. Bàbá sì bẹ̀ mí pé kí n sin òun lọ.

Bàbá múra. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò kíjìpá tí ó fi ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ó dé fìlà, ó sì wọ bàtà rọ́bà, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bàtà mìíràn kò sì gbà á. Ó di iṣu mẹ́ta sínú àpò, ó ní ọmọ òun kò rí irú rẹ̀ jẹ ní ibi tí ó ń gbé. Nígbà tí a dé géètì, ẹ̀ṣọ́ tí ó dúró níbẹ̀ wo mí láti òkè dé ilẹ̀, ó rí kóòtù àti táì mi, ó ní, ‘Ẹ káàbọ̀, sà.’ Mo kọjá. Mo ti rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí n tó mọ̀ pé èmi nìkan ni mo ń rìn. Mo bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀ṣọ́ náà ti na ọwọ́ dá Bàbá dúró. Ó ní, ‘Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ni àwọn tí ń kó iṣu wá ń gbà.’

Mo padà, mo sì sọ̀rọ̀. Ohun tí ó ń dùn mí títí di òní ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́. Bàbá ti fi Yorùbá sọ fún un pé ọmọ òun wà nínú ilé náà. Ẹ̀ṣọ́ kò gbà á gbọ́. Èmi fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà gan-an, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ó sì ṣí ọ̀nà. Òtítọ́ kan náà ni àwa méjèèjì sọ. Kì í ṣe òtítọ́ náà ni ó ṣí géètì.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n Bàbá fi ọwọ́ kàn mí ní èjìká. Ó ní, ‘Tíṣà, má bá a jà. Ọmọ ẹlòmíràn ni. Bóyá wọ́n ti lé ẹnìkan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rí nítorí pé ó jẹ́ kí irú mi wọlé.’ Bí a ti wọ inú gbọ̀ngán, ọmọ rẹ̀ sáré jáde wá, ó sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ dídán náà níwájú gbogbo àwọn àlejò àti àwọn akọ̀wé, ó ń kí bàbá rẹ̀. Gbogbo ojú ni ó yí sí wọn. Bàbá ki oríkì rẹ̀ fún un, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀.

Nígbà tí a ń jáde lọ, ẹ̀ṣọ́ náà dọ̀bálẹ̀. Bàbá ní kí ó dìde, ó sì bi í léèrè ìlú rẹ̀. Abúlé kan ní ọ̀nà Lágelú ni. Bàbá tún bi í pé iṣẹ́ kí ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó ní, ‘Àgbẹ̀ ni wọ́n, sà.’

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ rí i pé kì í ṣe òyìnbó ni ó dá àgbẹ̀ dúró ní ọjọ́ náà. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Àwọn àgbà wa sọ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, wọ́n sì sọ òótọ́ nípa bí ayé ti rí. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí, nítorí pé àwọn kan náà ni ó sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Òfin lè pàṣẹ fún onílẹ̀kùn pé kí ó má wo àwọ̀. Òfin kò lè kọ́ ojú wa láti rí ènìyàn nínú bàtà rọ́bà. Àwa fúnra wa ni yóò kọ́ ọ, ilé àti ilé-ìwé sì ni a ti ń kọ́ ọ. Ọmọ tí ó bá gbà pé òun kì í ṣe ènìyàn títí òun yóò fi sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, kí ni yóò máa wò àwọn tí kò sùn níbẹ̀ rí sí? Bí ó bá di ẹ̀ṣọ́, yóò dá wọn dúró. Bí ó bá di ọ̀gá, yóò pàṣẹ pé kí a dá wọn dúró. Ìdí rẹ̀ nìyí tí gbólóhùn kékeré yẹn fi bà mí lẹ́rù.

Àwọn kan yóò sọ pé, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí a má kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá mọ́, kí a fi owó rẹ̀ gbẹ́ kànga sí abúlé, kí a sì fi kọ́ ilé ìwòsàn. Bí ó bá jẹ́ owó ìjọba ni, mo fara mọ́ ọn pé omi àti ìwòsàn ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé hòtẹ́ẹ̀lì jẹ́ ohun òfò. Ìlú tí kò ní ibi tí àlejò lè sùn, àlejò kò ní í wá síbẹ̀ láti ra ọjà, láti ṣe ìpàdé tàbí láti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹyin tí wọ́n dín fún àlejò ní àárọ̀, adìẹ ẹnìkan ni ó yé e. Iṣu tí wọ́n gún, oko ẹnìkan ni ó ti wá. Agbáwo, onísè, afọṣọ, olùṣírò owó, ẹni tí ń tún òdòdó ṣe, ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, gbogbo wọn ni ó ń jẹun níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀gàn. Ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ di orúkọ ìgbádùn ní gbogbo àgbáyé, César Ritz, ọmọ àgbẹ̀ ni. Abúlé kékeré kan lórí òkè ní ilẹ̀ Switzerland ni a bí i sí ní ọdún 1850, òun ni ó sì kéré jù nínú ọmọ mẹ́tàlá. Agbáwo ni ó jẹ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń wo ohun tí àlejò fẹ́, ó sì ń rántí rẹ̀. Ní ọdún 1898, ó ṣí hòtẹ́ẹ̀lì tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Paris. Nítorí náà, bí ọmọ Ajíbọ́dé bá fẹ́ lá àlá nípa hòtẹ́ẹ̀lì, kí ó má lá àlá pé òun sùn níbẹ̀ nìkan. Kí ó lá àlá pé òun mọ bí a ti ń ṣe é, pé òun sì kọ́ ọ̀kan, àti pé kò sí ẹni tí a ń dá padà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nítorí bàtà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò lè fò, nítorí pé ó ń ṣẹlẹ̀ lójú wa. Láti ọdún 1948 ni yunifásítì ti wà nítòsí wa, ìlú sì ti ń gbòòrò wá bá abúlé. Ilẹ̀ oko ń di ilẹ̀ ilé. Ẹni tí ó bá ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lè rí owó tí kò rí irú rẹ̀ rí gbà ní ọjọ́ kan ṣoṣo, irú owó bẹ́ẹ̀ a sì máa wá ọ̀nà ìgbádùn kíákíá. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin là kalẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ní Èkó, òru kan ṣoṣo lè jẹ ju ìyẹn lọ. Oorun òru kan a máa tán nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ilẹ̀ tí a tà kì í padà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ tó o, kí ó sùn, kí ó sì gbádùn. Ẹni tí kò bá tó o, kí ó rántí ohun tí àwọn baba wa sọ: ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ogún ra ọ̀wọ̀ tí wọn yóò gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀ ní agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Bí ọjọ́ bá dé tí iṣẹ́ tàbí oríire gbé ọ dé irú ibẹ̀, má bẹ̀rù. Wọlé bí ẹni tí ó ń wọ ilé ọ̀rẹ́. Béèrè iye owó kí o tó gba kọ́kọ́rọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹni tí kò béèrè ni ojú ń tì nígbà tí ìwé owó bá dé. Ohun tí o kò bá mọ bí a ti ń lò, bi ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Má ṣe jí aṣọ ìnura wọn, má sì ṣe fi omi ṣòfò nítorí pé o ti san owó. Kí ẹni tí ó gbá ilẹ̀ iyàrá rẹ. Ó lè dàgbà jù ọ́ lọ, ó sì lè jẹ́ ìyá ẹnìkan tí ẹ jọ wà ní kíláàsì. Bí o bá sì rí àgbàlagbà kan tí a dá dúró ní géètì, má kọjá lọ bí èmi ti kọ́kọ́ ṣe. Padà, kí o sì fi Yorùbá sọ ọ̀rọ̀ rẹ.

Bí mo bá tún rí ìwé ọmọ náà gbà, mo ti mọ ohun tí n ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà pupa náà. N ó kọ ọ́ pé: ‘O ti jẹ́ ènìyàn kí o tó dé ẹnu ọ̀nà. Máa fi ìwà rẹ hàn bẹ́ẹ̀, kí o sì mọ̀ pé bàbá rẹ náà jẹ́ ènìyàn.’